Àwọn Sístà Apọnmi

Wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn kò tò nídìí ẹ̀rọ àdúgbò yìí rí. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ilé tó lé ní igba! Aago mẹ́fà àárọ̀ ni omi ń yọ, aago mẹ́wàá ló ń gbẹ. Láàárín aago mẹ́fà sí mẹ́wàá yìí náà ni agogo ilé-ìwé ń dún, tí àwọn ọmọkùnrin ń sáré lọ, tí àwọn ọmọbìnrin sì ń fi ẹsẹ̀ ti garawa síwájú díẹ̀díẹ̀ bí ìlà ṣe ń sún. Omi tí kò lọ́tàá yẹn ti jẹ ìwé mọ́ ọmọ púpọ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta làwọn aláṣẹ ti wá wọn ilẹ̀ fún ẹ̀rọ kejì. Okùn ìwọnlẹ̀ ni ará àdúgbò rí, wọn ò rí ẹ̀rọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí à ń sọ yìí, Alágbàfọ̀ ti dáná sábẹ́ ìkòkò ńlá kí ilẹ̀ tó mọ́. Ogójì aṣọ ibùsùn ilé àlejò ló wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, àwọn tó ni wọ́n sì fẹ́ wọn lọ́jọ́ kejì. Àmọ́ aṣọ kọ́ ló gba oorun lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló sùn sí yàrá.

Oníbúrẹ́dì ni obìnrin náà, ìlú mìíràn ló ń gbé, ààrò rẹ̀ kì í sì í kú. Àná ló dé. Ọkọ̀ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní ni yóò wọ̀ padà, kò sì fẹ́ dá nìkan padà. Ó fẹ́ mú Ìbéèrè dání, kó lọ máa gbé àtẹ búrẹ́dì kiri.

Ìbéèrè kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà lọ́jọ́ ìkómọ. Ọmọ ọdún méjìlá ni, àkọ́bí Alágbàfọ̀. Láti ìgbà tó ti ń lọ sọ́dọ̀ àwọn Sístà ìjọ Àgùdà, kò sóhun tí wọ́n sọ nílé tí kò ní wádìí rẹ̀. Kí ló dé tí símẹ́ǹtì fi ń gan? Kí ló wà nínú ọṣẹ tó fi ń hó? Bàbá rẹ̀ tó jẹ́ bíríkìlà ló fún un ní ìnagijẹ yẹn. "Ìwọ ọmọ yìí," a ní, "bó o bá dé ẹnu ọ̀nà ọ̀run, wàá bi Pétérù léèrè ẹni tó rọ kọ́kọ́rọ́ fún un."

"Ìyàwó!" Oníbúrẹ́dì ló pè láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ̀ẹ́n, ọkọ mi." Alágbàfọ̀ kúnlẹ̀ tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́.

"Ọmọ ńkọ́?"

"Ó ti lọ sílé-ìwé, mà."

"Ilé-ìwé! Lónìí tá a fẹ́ rìnrìn-àjò?"

"Mo ní kó lọ dágbére fún wọn ni."

"Ìdágbére wo ló ń gba ìdajì ọjọ́? Ọmọ ò pọnmi fún ìyá ẹ̀, àlejò ló ń pọn ọ́n. Ibo ni wọ́n ti ń ṣerú ẹ̀? Kí olùkọ́ máa ru garawa fún ọmọ tó ń kọ́! Bó bá dọ̀la, wọ́n á bá yín fọ ìkòkò."

Alágbàfọ̀ ri aṣọ kan bọ inú omi ọṣẹ. Kò sọ pé wọ́n ti bá òun fọ ìkòkò, lọ́sẹ̀ tí ibà dá òun dùbúlẹ̀.

Bíríkìlà jókòó sórí àpótí, ó ń ki búrẹ́dì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bọ inú tíì, ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń ka eyín ara rẹ̀.

"Àbúrò, o ò fọhùn?"

"Búrẹ́dì yìí dùn, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó tún ki òmíràn bọ inú tíì. Alágbàfọ̀ wò ó, ó wo aṣọ inú ọpọ́n, ó sì gbájú mọ́ fífọ̀. Ẹnu ìyàwó ilé wúwo níwájú ẹ̀gbọ́n ọkọ. Bó bá ní ọmọ òun ò ní lọ, wọ́n á ní ṣé òun nìkan ló bí i ni? Bó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ tí àwọn Sístà mẹ́ta yìí dé. Ilé ìkósímẹ́ǹtì àtijọ́ lẹ́yìn ilé àdúrà ni wọ́n fún wọn, wọ́n gbá a, wọ́n lu agogo fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, ọmọbìnrin kan ò yọjú. Ní ọjọ́ kẹjọ, àgbà inú wọn, arúgbó kúkúrú kan tó ń fi ìborí rẹ̀ nu òógùn, gbéra ó wá ibi táwọn ọmọ wà, ó sì bá wọn nídìí ẹ̀rọ. Ó ti kọ́ ọ̀rọ̀ kan sórí látilé. Ó dúró láàárín àwọn obìnrin, ó sì ké e jáde pé:

"Mo wá bá yín pọnmọ!"

Àwọn obìnrin ń wo ara wọn. Ọmọ ta? Ẹni tí kò bímọ rí, tó sọ pé Olúwa ni ọkọ òun, tó tiẹ̀ na òrùka ọwọ́ rẹ̀ fún wọn wò! Télọ̀, obìnrin tó ń ránṣọ ní òdìkejì òpópónà, tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ, ló bi í pé, "Sístà, ṣé pọnmi lẹ fẹ́ wí ni, àbí pọnmọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," Sístà dáhùn. "Méjèèjì."

Bó ṣe gba garawa Ìbéèrè nìyẹn, tó gbé e ka orí ìborí funfun, tó sì nawọ́ sí ọ̀nà ilé-ìwé fún ọmọ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Sístà Apọnmi. Ọmọ mọ́kànlá ni wọ́n ní báyìí, wọn ò sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí orí mẹ́ta péré ló wà: ọ̀kan ń kọ́ni, orí méjì tó kù ń gbé omi ilé mọ́kànlá. Télọ̀ ti bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n gba àwọn ọmọ òun méjèèjì. "Ẹ fara dà á," ni Sístà ń sọ. "Ìgbà tí orí bá pọ̀ sí i."

Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́jọ lù nígbà tí igbe ta lókè òpópónà.

"Ẹ gbà wá o! Sístà ti ṣubú!"

Alágbàfọ̀ ò nu ọwọ́, ó sáré jáde. Bó ṣe dé ìdí ẹ̀rọ, ó rí arúgbó náà nínú ẹrẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan ti fò lọ, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wú bọ̀ bí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ìwúkàrà sí. Garawa dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo omi ti lọ. Sístà kejì ń sáré bọ̀ láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, èyí tó ń kọ́ni náà ti gbọ́ igbe, ó ń bọ̀ tòun ti ẹfun ìkọ̀wé lọ́wọ́.

"Garawa ta nìyí?" Baba Ẹlẹ́rọ, tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ, ló béèrè.

Ojú gbogbo wọn yí sọ́dọ̀ Alágbàfọ̀. Ilẹ̀ ò lanu. Bó bá lanu ni, ì bá kó sínú rẹ̀.

Sístà gbójú sókè, ó rí i. "Ìyá Ìbéèrè," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Omi yín ti dà."

Kò sọ pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Ó di apá Télọ̀ mú, ó fẹ́ dìde, ó tún jókòó. Ó wá na ọwọ́ sí garawa. "Ẹ bá mi gbé e lọ sẹ́yìn."

Òfin ìdí ẹ̀rọ ni. Ẹni tí omi rẹ̀ bá dà nílẹ̀, ẹ̀yìn pátápátá ló ń padà sí. Àwọn obìnrin ti fi eyín gé ara wọn jẹ nítorí òfin yìí. Aboyún ti bẹ̀bẹ̀ rí, wọn ò gbà fún un. Arúgbó yìí wá jókòó nínú ẹrẹ̀, kò bẹ ẹnikẹ́ni, ó ń ti garawa ẹlòmíì lọ sẹ́yìn ìlà. Kò sẹ́ni tó ti garawa rẹ̀ síwájú lọ́jọ́ yẹn. Ẹ óò gbọ́ omi tó ń kán tó, tó, tó sínú kẹ́ẹ̀gì ẹni tó kàn.

Alágbàfọ̀ ò mọ ìgbà tí ẹnu rẹ̀ là. Oríkì tí ìyá rẹ̀ máa ń fi kí àgbà láàárọ̀ ló ń wá sí i lẹ́nu, ó kàn ń rí i pé ọ̀rọ̀ tuntun ló ń bá a jáde:

"Apọnmi-má-mu,
Arúgbó tí ń ru òùngbẹ ẹlòmíì,
Ọkọ rẹ̀ ló lòkun, ọkọ rẹ̀ ló lọ̀sà,
Ọkọ rẹ̀ ló ń rọ̀jò fún olóore àti ìkà,
Ó wá ń tò nítorí garawa kan!
Ìyàwó Olúwa, ta ni mí?
Ta ni èmi alágbàfọ̀ tí o ń ru omi fún?"

Omijé ló parí ìyókù. Télọ̀ yíjú sápá kan, ó ń wá nǹkan lójú ara rẹ̀.

Bíríkìlà ló wá já sí wọn, ó ń ti bárò rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Kò béèrè ọ̀rọ̀. Ó tẹ́ àpò símẹ́ǹtì mẹ́ta sínú bárò, ó gbé Sístà bí ẹni gbé ọmọ tó sùn, ó gbé e síbẹ̀. Baba Ẹlẹ́rọ náà ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó mú kẹ́ẹ̀gì tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ kúrò, ó gbé garawa Alágbàfọ̀ síbẹ̀, ó pọnmi kún un dé etí, ó sì gbé e sáàárín orúnkún Sístà. Lójú gbogbo wọn! Ẹni tó ni kẹ́ẹ̀gì tiẹ̀ ṣe bí ẹni tí kò rí i.

"Ẹ dì í mú dáadáa, mà," ni Baba Ẹlẹ́rọ wí.

Wọ́n gbéra. Táyà bárò ń dún fìn-ín, fìn-ín. Bíríkìlà ń yẹ kòtò, ó ń yẹ òkúta, bí ẹni tó ru ẹyin. Àwọn ènìyàn ń jáde sí ẹnu ọ̀nà.

"Bíríkìlà, ọba wo lò ń tì lọ?" ẹnìkan béèrè.

"Ọba ìdí ẹ̀rọ."

Sístà rẹ́rìn-ín, ó fa ojú ro, ó tún rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí wọ́n dé iwájú ilé ìkósímẹ́ǹtì, Télọ̀ tó ti ń bá wọn bọ̀ bẹ̀rẹ̀ ó wo inú garawa.

"Ẹ dákẹ́ ná," ó ní. "Omi yìí ò dà."

Alágbàfọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó kún dé etí bí wọ́n ṣe gbé e kúrò. Ó wá gbójú kúrò lára omi, ó wo bárò. Ọdún mẹ́sàn-án ni bárò yìí ti ń fara ti ògiri rẹ̀. Ó ti gbé iyanrìn, ó ti gbé òkúta, ó ti gbé ewúrẹ́ kan tó fẹsẹ̀ rọ́. Kò gbé omi rí. Orí ló ni omi, bárò ló ni iyanrìn. Bí gbogbo ayé ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ta ló ṣòfin? Ó wá a títí nínú ọkàn rẹ̀, kò rí ẹnikẹ́ni tó ṣe é.

"Bàbá Ìbéèrè," ó ní, "kẹ́ẹ̀gì mélòó ni bárò yẹn lè gbà?"

Bíríkìlà wo bárò bí ẹni tí kò rí i rí. "Mẹ́fà. Bí ọmọrí wọn bá dé dáadáa."

"Orí mẹ́fà nìyẹn," ni Télọ̀ wí, jẹ́jẹ́. Òun gan-an, tí kì í sọ ohunkóhun jẹ́jẹ́.

Wọ́n gbé Sístà wọlé. Alágbàfọ̀ ò wọ ibẹ̀ rí. Ó ti rò pé ariwo ni wọn yóò bá, nígbà tó jẹ́ pé olùkọ́ wọn ti sáré jáde. Ariwo kankan ò sí. Ilẹ̀kùn àtijọ́ kan, tí wọ́n kùn ní dúdú, ni wọ́n fi ti ògiri, òun ni pátákó ìkọ̀wé wọn. Àwọn ọmọ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ẹsẹ̀ gbogbo wọn funfun fún eruku símẹ́ǹtì. Ìbéèrè ló dúró níwájú, igi gígùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń nà án sí ohun tí wọ́n kọ sára ògiri, àwọn yòókù sì ń gbè é:

"Ilé Káfíńtà: garawa mẹ́ta. Ilé Ìyá Arúgbó: méjì. Ilé Alágbàfọ̀: mẹ́jọ."

"Kí lẹ ń kà yẹn?" ìyá rẹ̀ béèrè.

"Àdúrà àárọ̀ ni, Màámi. Gbogbo ilé tí àwọn Sístà ń pọnmi fún ni wọ́n máa ń kà kí wọ́n tó jáde, kí Ọlọ́run má baà gbàgbé ẹnì kankan. Ìgbà tí a gbọ́ igbe, mo ní ká tún un kà." Ó fi igi kan ìlà kan. "Tiwa nìyí."

Alágbàfọ̀ súnmọ́ ọn. Ó ti ń fọ aṣọ tí orúkọ olówó wà létí rẹ̀ láti ìgbà èwe, ó mọ̀ pé lẹ́tà wà, kò mọ̀ pé lẹ́tà mọ òun. Ilé Alágbàfọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀, ilé rẹ̀, omi rẹ̀, lára ògiri ilé Ọlọ́run. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n ti ń pè é níwájú Ẹlẹ́dàá ní àràárọ̀, níbi tí òun ti ń kanra mọ́ ọṣẹ! Ó na ọwọ́ láti fọwọ́ kàn án, ó sì rí i pé ọwọ́ òun ṣì tutù fún omi ọṣẹ. Ó fà á sẹ́yìn kíákíá. Nǹkan pípa rẹ́ niṣẹ́ ọwọ́ yẹn.

Nígbà tó padà délé, Oníbúrẹ́dì ti di ẹrù ọmọ sínú àpò kan.

"Mo gbọ́ pé apọnmi yín ti rọ́ lẹ́sẹ̀," ó ní. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó parí nìyẹn. Ọ̀la, ìdí ẹ̀rọ ni gbogbo ọmọ yẹn ń padà sí. Kí ló dé tí tiwa ò ní kúkú bá mi lọ, kó rí nǹkan jẹ?"

Ọ̀rọ̀ náà gún, kò sírọ́ nínú rẹ̀, ìyẹn ló ṣe dùn wọ egungun. Alágbàfọ̀ kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ ṣàánú mi. Ọmọ ò lọ."

"Kí lo wí?"

"Ọmọ ò lọ, mà."

"Láyé mi!" Oníbúrẹ́dì pa àtẹ́wọ́. "Ẹnu ẹ kọ́ nìyẹn. Àwọn àlejò ló ń bá ẹ sọ ọ́. Àbúrò! Níbo lo wà? Wá gbọ́ ohun tí ìyàwó ẹ ń sọ fún mi!"

Ẹ̀yìnkùlé ni Bíríkìlà wà. Kò lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Ó dojú bárò délẹ̀, ó ń fi òkúta ha inú rẹ̀.

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"O gbọ́, kí lo wá ń ṣe?"

"Mò ń fọ bárò. Símẹ́ǹtì ò gbọdọ̀ kan omi mímu."

Ó pẹ́ kí Oníbúrẹ́dì tó lóye rẹ̀. "Ìwọ? Ọkùnrin bíi tìẹ, o fẹ́ máa ti omi kiri òpópónà?"

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ti iyanrìn, wọn ò fi mí rẹ́rìn-ín." Ó da omi sí bárò, ó tún ń ha á. Oníbúrẹ́dì wo ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí àpò tó dì, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà mọ́. Àgbà tó bá mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú, ilé ló ń wá lọ.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, Télọ̀ ti fa ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ́wọ́ kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn Sístà. Káfíńtà ti ọmọlanke tó fi ń gbé pákó jáde, ó ní bí omi bá lè wọ bárò, á wọ ọmọlanke. Ọ̀rọ̀ kì í sì í pẹ́ láti ìdí ẹ̀rọ dé ìsàlẹ̀ àdúgbò. Ìyá kan mú ọ̀kan wá, ìyá kejì mú mẹ́ta. Àwọn tó ti ń fi àwọn Sístà ṣẹ̀fẹ̀ ló ń sáré jù.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, Alágbàfọ̀ ru ẹrù Oníbúrẹ́dì, wọ́n jọ ń lọ síbi tí ọkọ̀ ń dúró sí. Ọ̀nà wọn gba iwájú ilé ìkósímẹ́ǹtì. Sístà Apọnmi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ dì wà lórí búlọ́ọ̀kù, ìwé lórí itan rẹ̀. Àwọn ọmọ ti kún inú, wọ́n ti kún ìta, wọ́n ń jókòó sórí ilẹ̀. Mẹ́rìndínlógójì! Ní àárọ̀, mọ́kànlá ni wọ́n. Ara ògiri ò gba orúkọ ilé mọ́, Sístà tó ń kọ́ni ti ń kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn dúdú. Wọ́n ń kà á lókè ohùn, ilé kan tẹ̀ lé òmíràn, ohùn àwọn ọmọ sì ń gba orí páànù jáde bí ẹyẹ. Ẹ wo iṣẹ́ Olúwa! Ẹsẹ̀ arúgbó kan ló yẹ̀, ọ̀nà ogójì ọmọ dín mẹ́rin sì là.

Oníbúrẹ́dì ti dúró. Ó dúró pẹ́, ó ń gbọ́. Sístà kí i, òun náà tẹ orí ba díẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà ló tún ẹsẹ̀ gbé.

Wọ́n dé ibẹ̀, ọkọ̀ ti ń kún. Alágbàfọ̀ bá a gbé ẹrù sókè. Oníbúrẹ́dì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó tún ìborùn rẹ̀ wé, ó tún un tú.

"Ìyàwó."

"Ọkọ mi."

Kò wo ojú rẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò, ọwọ́ tí ààrò ti jó láti ìka dé ìgúnpá.

"Nígbà tí mo wà bí ọmọ yìí," ó ní, "ta ló pọnmi fún èmi?"

Ọkọ̀ ti gbéra. Alágbàfọ̀ kúnlẹ̀ fún un lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì wà níbẹ̀ títí eruku fi rọlẹ̀, tí àwọn tó ń kọjá fi rò pé nǹkan rẹ̀ ló sọnù tó ń wá.